Ojú Tidda Nínú Àwo Lúsíà Mímọ́

Bí ojú Lúsíà Mímọ́ bá wà nínú àwo tó gbé lọ́wọ́, ojú wo ló wá fi ń wò wá?

Orí àkàbà níwájú àwòrán Lúsíà Mímọ́ ni Mastro Brasi wà nígbà tó bi Fáda Nitto ní ìbéèrè yìí, búrọ́ọ̀ṣì kan létí, òmíràn lẹ́nu. Ọdún méje gbáko ni Fáda fi ka ìwé Ọlọ́run nílé ẹ̀kọ́ àlùfáà, ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló sì ti wàásù lórí Lúsíà Mímọ́, wúńdíá tí wọ́n yọ ojú rẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́, fún àwọn ará Rocca Palìa, ìlú kékeré kan lórí erékùṣù. Èsì inú ìwé nìkan ló rí fọ̀. Mastro Brasi ti wà lábẹ́ ilẹ̀ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tidda ìyàwó rẹ̀, Fáda ṣì máa ń dúró níwájú àwòrán náà láràárọ̀ kí Mísà tó bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì rí èsì tirẹ̀ fọ̀.

Bí ènìyàn bá dárúkọ Mastro Brasi ní ìlú yìí, ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ló ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn, ẹ̀rín á sì tẹ̀lé e. Ibẹ̀ náà la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún Lúsíà Mímọ́ pé nígbà tí lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní Monsinyọ̀ Platania, àgbà àlùfáà kan, ń bọ̀ wá bá ìjọ ṣe ọdún náà, yóò sì mú ìwé kan dání tí Fáda fúnra rẹ̀ máa kà sétí gbogbo ènìyàn. Nunzia, obìnrin tó ń dáná fún Fáda, ló ka lẹ́tà yìí fún un nílé ìdáná. Òun ló kà á torí ohun tí òun àti Mastro Brasi nìkan mọ̀: ojú Fáda ti ń ṣe bàìbàì fún bí ọdún kan. Awọ funfun kan ń bo ẹyinjú méjèèjì, bí ìgbà tí wàrà bá dà sínú omi. Dókítà ojú kan wà ní Katania tó lè fi abẹ ká awọ náà kúrò, ṣùgbọ́n ẹ̀rù abẹ ń ba Fáda ju ẹ̀rù òkùnkùn lọ. Bí ọwọ́ dókítà bá yẹ̀ ńkọ́? Òjìji tó ń rí yìí náà, á dágbére.

Mísà kò ni í lára. Látìnì tí ènìyàn ti ń kà fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ẹnu á máa sọ ọ́ lójú oorun. Ìwé tuntun ni ìjà. Àlùfáà tí kò bá ríran mọ́, ilé àwọn àlùfáà arúgbó ní Palẹ́mò ni wọ́n ń kó o lọ, kó lọ jókòó ti ògiri títí Ọlọ́run á fi pè é. Ẹnìkan sì ti sọ nǹkan sétí Bíṣọ́ọ̀bù, Fáda kò sì lè bínú sí onítọ̀hún. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Fáda bọ agbòjò Don Gesualdo apoògùn lọ́wọ́ níbi tí wọ́n gbé e ti ògiri, ó rò pé Don Gesualdo fúnra rẹ̀ ni, ó bi í léèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀, ó sì dúró de èsì.

Nígbà tí Mastro Brasi gbọ́ pé Monsinyọ̀ ń bọ̀, ó ní àfi kí àwòrán Lúsíà Mímọ́ mọ́. Òun ni olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì, Mastro sì ni wọ́n ń pe ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀. Kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́ ilé Ọlọ́run, kẹ̀kẹ́ ẹrù ló ń kùn: kò sí kẹ̀kẹ́ kan tí ìbaaka ń fà ní gbogbo agbègbè yẹn tí kì í ṣe òun ló ya ẹṣin àti ajagun sí i lára, títí tí ọkọ̀ alẹ́ńjìnnì fi lé kẹ̀kẹ́ kúrò lójú ọ̀nà. Àwòrán náà ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún, èéfín àbẹ́là sì ti sọ ọ́ di dúdú ju bí ẹni tó yà á ṣe fẹ́ lọ. Mastro Brasi rántí pé àwọn àgbà oníṣẹ́ máa ń fi inú búrẹ́dì tútù pa èéfín rẹ́. Ó mú búrẹ́dì méjì, ó gun àkàbà.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti wà nílé ìdáná Fáda, ó ká fìlà mọ́wọ́.

“Fáda, nǹkan kékeré kan ṣẹlẹ̀.”

“Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ọ̀rọ̀ ojú ni.”

Fáda fọwọ́ kan ojú ara rẹ̀. “Ojú ta ni?”

“Ti Lúsíà Mímọ́. Kò sí nínú àwo mọ́.”

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Nunzia. “Mastro Brasi! Ibo ló wá lọ?”

“Ó wà lára búrẹ́dì.”

Ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ lè rẹ́rìn-ín kó sì máa bá tiẹ̀ lọ. Ará ibẹ̀ kò ní lè rín lọ́jọ́ yẹn. Láyé àtijọ́, ìyàn mú ní erékùṣù náà, ọjọ́ ọdún Lúsíà Mímọ́ ni ọkọ̀ ojú omi kan gúnlẹ̀ pẹ̀lú àlìkámà. Ebi pa àwọn ènìyàn débi pé wọn kò lè dúró lọ̀ ọ́, ṣe ni wọ́n bọ̀ ọ́ jẹ. Títí di òní, kò sẹ́ni tó ń jẹ búrẹ́dì lọ́jọ́ náà, wọn kì í jẹ makaróònì, àlìkámà bíbọ̀ pẹ̀lú oyin ni. Ìyá á sì kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹni tó bá jẹ búrẹ́dì lọ́jọ́ Lúsíà, ojú onítọ̀hún ni Lúsíà á fi gba ẹ̀san.

Kò sì sí ọlọ́pàá òfin yìí tó le tó Mastro Brasi. Lọ́dọọdún, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, á ní kí ẹni tó fẹ́ wọlé pe orúkọ ẹni mímọ́ sí òun nímú. Lọ́dún kan, ó dá olùkọ́ ilé ìwé dúró.

“Ẹ lọ fọ ẹnu yín.”

“Búrẹ́dì kọ́ ni mo jẹ, Mastro Brasi. Bisikí ni.”

“Ṣé bisikí kọ́ ni àbúrò búrẹ́dì?”

Olùkọ́ lọ fọ ẹnu.

Ìdí nìyí tí ara Fáda fi di yìnyín ní ilé ìdáná lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ ọdún Lúsíà tó kọjá, lẹ́yìn Mísà mẹ́ta tí kò fi nǹkan kan sẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ kan èèpo búrẹ́dì kan nínú àpò kásọ́ọ̀kì. Ó ti gbé e mì kó tó rántí ọjọ́ tí ó jẹ́. Kí òtútù ọdún náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Fáda mọ̀ pé Ọlọ́run kì í gba ojú ènìyàn nítorí èèpo búrẹ́dì. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ti wàásù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti fi ogójì ọjọ́ gbàdúrà níwájú àwòrán yẹn, ṣe ni awọ náà ń nípọn sí i. Nígbà mìíràn á máa rò ó pé bóyá Lúsíà Mímọ́ kò gbọ́ ni. Bóyá ó gbọ́, inú ló ń bí i. Tàbí, èyí tí kì í fẹ́ rò dé òpin, bóyá kò sẹ́ni kankan níbẹ̀ bí kò ṣe ọ̀dà lórí aṣọ. Búrẹ́dì ti wá gba ojú ẹni mímọ́ fúnra rẹ̀ báyìí.

“Ṣé ẹ lè ya òmíràn?” ni ohun tó rí sọ.

“Fáda, ojú ẹṣin ẹgbẹ̀rin ni mo ti yà.”

“Ojú ẹṣin kọ́ là ń wí!”

“Ojú lojú ń jẹ́. Ti ẹṣin ló tiẹ̀ tóbi jù.”

Wọ́n fi aṣọ elésè àlùkò bo àwòrán náà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí ọdún tó dé. Ọjọ́ méjì ni Mastro Brasi fi wà lẹ́yìn aṣọ, àfi bàtà rẹ̀ nìkan ni ènìyàn ń rí. Ní ọjọ́ kejì, Fáda lọ dúró nídìí àkàbà, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè ojú inú àwo yẹn bọ́ sílẹ̀ láti òkè.

“Àmì ni, Mastro Brasi,” ni Fáda wí. “Èyí tó wà nínú àwo ń sọ ohun tí ayé gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó wà lórí ń sọ ohun tí Ọlọ́run dá padà.”

“Èyí tí ẹ ń wí yẹn, ìwé ló wí i. Ẹ̀yin ni mò ń bi.”

Fáda di àkàbà mú.

“Ṣé Ó máa ń dá ojú padà?” ni bàtà náà tún bi í.

Fáda ní òun ń lọ wo bóyá Nunzia ti bọ àlìkámà.

Ọjọ́ ọdún pé. Ará òkè Milan ni Monsinyọ̀ Platania, kò mọ àṣà erékùṣù. Kò tíì jókòó tán tó fi béèrè búrẹ́dì. Nunzia fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú lẹ́ẹ̀mẹta.

“Monsinyọ̀, kò sí.”

“Kò sí búrẹ́dì? Ní ilé àlùfáà?”

“Kò sí ní gbogbo ìlú.”

“Kí ló ṣe é?”

“Ó rí ìyọnu,” ni Nunzia wí, ó sì gbé àlìkámà síwájú rẹ̀. Monsinyọ̀ jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń wá òkúta nínú rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Fáda ka Mísà láti orí, kò ṣìnà níbì kan. Ó mọ ohun tó ń bọ̀. Nígbà tí ìjọ gba ara Olúwa tán, Monsinyọ̀ dìde, ó na ìwé sí i níwájú gbogbo ènìyàn.

“Ọ̀rọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù nìyí, Fáda. Ẹ kà á fún wọn.”

Fáda tú u. Ìyẹ̀fun lórí ìyẹ̀fun ló rí. Ó gbé e súnmọ́ imú, ó gbé e jìnnà, ó dorí rẹ̀ kodò. Ẹnìkan wúkọ́ níwájú, ẹnìkan fèsì fún un lẹ́yìn. Monsinyọ̀ ń wò ó, ojú náà kò sì kúrò lára rẹ̀. Fáda la ẹnu, ó mọ̀ pé bí òun bá pa á dé, Palẹ́mò ni.

Ìgbà yẹn ni nǹkan wó lulẹ̀ gbàgàdà. Aṣọ elésè àlùkò já bọ́ tòun ti ọ̀pá rẹ̀, orí Don Gesualdo apoògùn ló bọ́ sí.

“Okùn já!” ni Mastro Brasi pariwo. Okùn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, odidi.

Gbogbo ojú yí sí àwòrán. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà kan níwájú gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí.

“Yéè! Tidda rèé!”

Irọ́ kọ́. Tidda ìyàwó Mastro Brasi ti kú láti ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbàgbé ojú rẹ̀: ọ̀kan ń wò ọ́, èkejì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń ṣọ́ nǹkan mìíràn. Láyé rẹ̀, ó lè fi ọ̀kan ṣọ́ ìkòkò, kó fi ọ̀kan ṣọ́ ológbò, kí nǹkan kan má sì sọnù nínú méjèèjì. Ọmọ kankan kò jí èso ọ̀pọ̀tọ́ rẹ̀ rí. Wọ́n rèé nínú àwo Lúsíà Mímọ́ báyìí, wọ́n tóbi, wọ́n ń dán, wọ́n ń wo gbogbo ìjọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn òpó jáde síta gbangba fúnra wọn. Abẹ́ aṣọ ni Don Gesualdo dúró sí, kò yọjú, nítorí abọ́ ńlá Tidda tó yá wà nílé rẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti gbé e lọ fún Mastro Brasi, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́.

Monsinyọ̀ rìn lọ síbi àwòrán náà. Fáda tẹ̀lé e, ìwé Bíṣọ́ọ̀bù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò ó pé ó ti tán: ọ̀rọ̀ ojú òun àti ọ̀rọ̀ ojú ẹni mímọ́, ìjókòó kan náà ni wọ́n máa fi dá a.

“Olùtọ́jú,” ni Monsinyọ̀ wí, “kí ló dé tí àwọn ojú yìí kò wo ibì kan náà?”

Mastro Brasi gbé àgbọ̀n sókè.

“Monsinyọ̀, ìtumọ̀ kún inú àwòrán yìí. Imọ̀ ọ̀pẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìṣẹ́gun ni. Aṣọ pupa, ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀ nítorí Olúwa. Fìtílà ìsàlẹ̀ yẹn, ìmọ́lẹ̀, ohun tí orúkọ rẹ̀ gan-an túmọ̀ sí. Gbogbo òkùnkùn ẹ̀yìn rẹ̀, ayé nìyẹn. Ojú inú àwo wá ńkọ́? Ọ̀kan ń wo Ọlọ́run, ọ̀kan ń wo wa.”

“Èwo ló ń wo Ọlọ́run?”

“Ó kù sí ibi tí ènìyàn bá jókòó sí.”

Monsinyọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fa ìwé kékeré kan yọ lápò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òun ti rí àwòrán ní Róòmù àti ní Nápólì, òun kò rí irú ọgbọ́n yìí rí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára débi pé ó gba ìwé Bíṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ Fáda, ó kà á fúnra rẹ̀, ó sì fi ìwàásù ìdajì wákàtí lé e, lórí ojú tó ń wo ọ̀run tó sì ń wo ayé pọ̀. Nígbà tó dé ilé, ó kọ ọ́ sí Bíṣọ́ọ̀bù pé Fáda Nitto jẹ́ ẹni ìjìnlẹ̀, àní olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pàápàá mọ ìtumọ̀ àmì.

“Ṣé okùn yẹn já lóòótọ́?” ni Fáda bi Mastro Brasi lẹ́yìn tí ọkọ̀ Monsinyọ̀ lọ tán.

“Fáda, okùn tó bá ti darúgbó bí tèmi, ta ló mọ ohun tó lè ṣe?”

Bó ṣe rí nìyẹn, kò sí ìbéèrè tó lè há a mọ́ igun. Àbàwọ́n kan wà nísàlẹ̀ àwòrán náà tí Mastro Brasi máa ń fi han àlejò pé ọ̀kan nínú àwọn màlúù tí wọ́n so mọ́ Lúsíà Mímọ́ láti wọ́ ọ lọ ni, tí wọn kò lè mi ín. Don Gesualdo ní omi òjò tó jò láti òrùlé ló ṣe é.

“Omi òjò ló wá ní ìwo?” ni Mastro Brasi wí.

“Ibo ni ìwo rẹ̀ wà?”

“Omi òjò ló bò ó.”

Ìgbà òtútù yẹn kò san Mastro Brasi. Àyà ló ń dùn ún, ikọ́ kò sì jẹ́ kó sùn. Ní oṣù Kẹta, Nunzia wá sọ fún Fáda pé kó mú òróró mímọ́ dání. Fáda fi ọ̀pá tẹ ògiri lọ sílé rẹ̀, òun nìkan, ní ọjọ́rọ̀. Inú yàrá ń rùn bí ọ̀dà. Òjìji kan ló rí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì dúpẹ́ pé òjìji náà ń sọ̀rọ̀.

“Fáda, èmi ni mo wà níbí o. Agbòjò wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.”

Fáda rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ Mastro Brasi, ó ta òróró sí i lórí. Kò lọ. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀, àlùfáà tó ń jẹ́wọ́ fún olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì: èèpo búrẹ́dì inú àpò, ọjọ́ tó jẹ ẹ́, ogójì ọjọ́ àdúrà, ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e.

Mastro Brasi gbọ́ ọ tán, ó rín ẹ̀rín débi pé ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lọ.

“Nítorí èèpo kan! Fáda, láti ọdún tí Tidda ti kú, búrẹ́dì ni mò ń jẹ lọ́jọ́ Lúsíà. Ta ló fẹ́ bọ àlìkámà fún mi? Eyín mi ò sì lè rún un.”

“Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbóòórùn ẹnu wa?”

“Ẹ ò rí i bí mo ṣe mọ òórùn rẹ̀ ni? Ojú mi sì nìyí, mò ń rí eṣinṣin lórí òkè yẹn. Ìyà kọ́ ló wà lójú yín, Fáda. Ọjọ́ orí ni.”

Fáda jókòó. Ó ti ka ìwé tó pọ̀ lórí àánú Ọlọ́run, kò sí èyí tó tù ú lára tó ẹ̀ṣẹ̀ Mastro Brasi.

“Ṣùgbọ́n ẹ̀rù abẹ yẹn ṣì ń bà mí,” ló wí nígbà tó pẹ́.

“Mo mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ ṣe mí lóore kan.” Ọwọ́ arúgbó náà wá ọwọ́ rẹ̀ kàn lórí aṣọ ìbora. “Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo fi bá Tidda jẹun lójú kan. Ọjọ́ tí mo gun àkàbà, mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mi ò rántí mọ́ èyí tó yà nínú ojú rẹ̀. Ọ̀tún ni, àbí òsì? Ojú tì mí láti bi ará ìlú. Mo ya òsì. Wọ́n ní Tidda ni, wọ́n pariwo, ṣùgbọ́n bóyá àánú mi ló ń ṣe wọ́n. Mi ò tíì sùn re láti ìgbà yẹn. Ẹ̀yin lẹ pa ojú rẹ̀ dé lọ́jọ́ tó kú, ẹ̀yin lẹ rí i kẹ́yìn. Ẹ lọ bá dókítà Katania, kó là yín lójú. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ dúró níwájú àwo yẹn, kí ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ wá síbi ibojì wa wá sọ fún mi bóyá mo yà á bó ṣe rí. Àmọ́ ẹ rọra sọ ọ́ o, Fáda. Ẹ̀gbẹ́ mi náà ni Tidda máa wà, kò sì gbọdọ̀ gbọ́.”